Orí Ọmọ Ṣẹ̀gilọlá

Nígbà tí àwọn ìyá tó bí ìyá wa ṣì jẹ́ ìyàwó ilé, Ṣẹ̀gilọlá bí àkọ́bí rẹ̀ sí agbo ilé Jagun. Ọmọ náà pé oṣù kan, ìpẹ́ pupa rẹ́súrẹ́sú bá bo orí rẹ̀, ó lẹ̀ típẹ́típẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ọmọ ń mu ọmú, ó ń sùn, kò tilẹ̀ họ orí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tí Ṣẹ̀gilọlá ń pè ní Eyínfúnjowó nítorí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ta kú pé ìdọ̀tí ni.

“Ọ̀bùn ni ọ́, ìyàwó. Bí orí yìí kò bá mọ́ kí ọjọ́ ọjà tó pé, ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ wa yóò máa gbé. Ìwọ á kàn máa wá fún un lọ́mú.”

Ṣẹ̀gilọlá tó ń wẹ ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́! Ṣùgbọ́n ìyàwó wo ni í dá ọmọ ilé lóhùn?

Lọ́jọ́ kejì, bó ti ń ti odò bọ̀ ló gbọ́ igbe. Eyínfúnjowó ti tẹ́ ọmọ sórí itan, ó ń fi kànìnkànìn gbígbẹ àti yanrìn ha á lórí láti iwájú bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti ń yọ.

Ṣẹ̀gilọlá já ọmọ gbà. “Ìkòkò ni, àbí orí ènìyàn? Ẹ̀ bá kúkú fi àdá họ ọ́!”

“Háà! Èmi lo ń bá wí?”

“Ẹ̀yin ni. Ẹ bínú títí, ẹ kò ní fọwọ́ kàn án mọ́!”

Ariwo náà fa ìyá ọkọ rẹ̀ jáde. Ó wo ẹ̀jẹ̀, ó mí kanlẹ̀. “Ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Tí ọjà bá pé, gbogbo wa la ó jọ wò ó.”

Ṣẹ̀gilọlá ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nìkan nu ojú egbò. Ìpàkọ́, tí kànìnkànìn kò tíì dé, ni ó ń fi àdí àgbọn pa. Tí ìpẹ́ náà bá ti rọ̀, á fi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, á fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù ún. Kò fi èékánná ṣí ọ̀kan. Fúnra wọn ni wọ́n ń bọ́.

Ọjọ́ ọjà pé. Ìyá ọkọ ṣí fìlà ọmọ níwájú gbogbo obìnrin ilé. Ìpàkọ́ mọ́ tónítóní, ó ń dán. Iwájú, níbi tí wọ́n ti ha, wú, ó di èépá dúdú, ó gan bí èèpo igi.

“Orí kan náà nìyí,” ni ìyá ọkọ wí fún Eyínfúnjowó ọmọ rẹ̀. “Ọwọ́ ta ló ṣe èyí? Ọwọ́ ta ló ṣe tọ̀hún? Ta wá ni ọ̀bùn?”

Eyínfúnjowó la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá kò dúró gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó sì wọlé lọ.

Láti agbo ilé Jagun ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.