Àwọn Tó Ń Fẹnu Ṣọ́ Agbọ̀n

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti rí àwọn tó ń fẹnu ṣọ́ pápá, tí ewúrẹ́ ń jẹ oúnjẹ ilé wọn?

Ìyá Mojí sá láfún tí ọmọ rẹ̀ máa gbé lọ sílé ìwé sórí àpáta. Kó tó lọ sípàdé àdúrà, ó ní kí ọkọ rẹ̀ àti Kọ́lápọ̀, ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀, bá òun ṣọ́ ọ. Ó tún wí ohun tó máa ń wí: "Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, bọ́ọ̀lù lẹ máa jẹ lálẹ́."

Àwọn yẹn ti ń jiyàn lórí ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n tí ìlú wọn fẹ́ bá ìlú kejì gbá.

"Ẹni méjì ni kó ṣọ́ ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù wọn yẹn," ni Kọ́lápọ̀ wí.

"Ta ni yóò wá ṣọ́ ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀? Àbí ìwọ àti ikùn rẹ?" ni Bàbá Mojí dáhùn.

Nígbà tí Ìyá Mojí dé, ewúrẹ́ ti ń lá àpáta lẹ́yìn wọn.

"Ta ló ń ṣọ́ láfún?"

"Kọ́lápọ̀ ni."

"Èmi kẹ̀? Mo rò pé ìwọ ni."

Ìyá Mojí mí kanlẹ̀. "Ẹnu dùn-ún ròfọ́," ló sọ.

Ó kó láfún tó kù nílé sínú àpò ọmọ. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ṣí abọ́ oúnjẹ alẹ́, bọ́ọ̀lù ni wọ́n bá níbẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó sì ti gbàdúrà sí i.