Òdòdó tó Yọ Nínú Eérú

Àlọ́ o.
Àlọ̀.
Àlọ́ mi gba orí pápá tó jóná kọjá, ó wọ ihò Òkété lọ.

Nígbà ọyẹ́ kan, iná jó pápá, ilẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Àparò ní ilẹ̀ ti kú, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Ebi ń pa Òkété. Ó walẹ̀, ó bá gbòǹgbò kan, ó fẹ́ jẹ ẹ́. Oyin bà sẹ́nu ihò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ara èyí ni òdòdó tó ń bọ́ wa lẹ́yìn iná ti ń yọ." Ó bá kọrin. Ẹ máa gbè é:

Òkété, ẹ má jẹ ẹ́ o,
Ẹ jẹ́ ó hù.
Iná ò dé abẹ́ ilẹ̀ o,
Ẹ jẹ́ ó hù.

Òkété fi í sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gé e jẹ díẹ̀. Oyin kọrin, ojú ti Òkété, ó fi erùpẹ̀ bò ó. Lọ́jọ́ kẹta, ebi ti mú kí ojú rẹ̀ máa ṣú. Bó ti la ẹnu, ilẹ̀ là lókè orí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Òdòdó ti yọ, kò ní ewé kankan, ó pọ́n bí ìyeyè.

Òkété jẹ èyí tó já bọ́. Nígbà tí afárá kún fún oyin, ẹnu Òkété ni Oyin kọ́kọ́ kán an sí. Òdòdó so, atẹ́gùn fọ́n irúgbìn rẹ̀ káàkiri. Nígbà tí iná tún jó lọ́dún kejì, Àparò tó ti padà wá pàápàá ò sá. Ó jókòó sórí eérú, ó ń retí òdòdó.

Mo ti dá àlọ́ mi padà sábẹ́ ilẹ̀. Àwẹ̀ró, gbòǹgbò tí o hú lórí pápá lánàá ńkọ́?

"Màá lọ gbìn ín padà lọ́la, Ìyá àgbà."

Má jẹ́ kí oòrùn bá a níta.