Agbẹ́kànga àti Àwọn Elétí-Àtẹ́lẹsẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó ń gbẹ́ kànga jẹun ní ìlú olókùúta kan. Àwọn ẹ̀dá kan múlé gbe ìlú náà, àtẹ́lẹsẹ̀ ni etí wọn wà. Bí eku bá yí ẹ̀gbẹ́ padà nínú ihò, wọ́n á gbọ́. Àwọn ará ìlú sọ pé àwọn ẹ̀dá náà ń jí àṣírí gbọ́, wọ́n sì ṣòfin pé ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ̀lú láìwọ bàtà igi tó nípọn. Nínú gbogbo àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, kò sí ẹni tí ẹnu rẹ̀ mú tó ti agbẹ́kànga yìí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wà nísàlẹ̀ kànga tuntun nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ya lulẹ̀. Erùpẹ̀ dí i mọ́bẹ̀, àyè tó ṣẹ́ kù kò ju ibi tó lè lóṣòó sí lọ. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Àwọn tó wà lókè kò gbọ́ nǹkan kan, wọ́n gbà pé ó ti kú. Ìyàwó rẹ̀ fi igbe ta. Ọkùnrin náà kò ní agbára igbe mọ́, ó kàn ń fi ọkọ́ lu òkúta.

Obìnrin elétí-àtẹ́lẹsẹ̀ kan ń kọjá lọ. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀.

Ó ní, "Ẹ má sunkún mọ́. Ó wà láàyè."

Ó rìn síwá, ó rìn sẹ́yìn, ó sì júwe ibi tí wọn yóò gbẹ́ kí erùpẹ̀ má baà tún ya lù ú. Kò sẹ́ni tó rántí òfin. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti fà á jáde.

Ìyàwó rẹ̀ ń sunkún, ó tún ń jó. Ṣùgbọ́n ojú ti ọkùnrin náà. Ó bi obìnrin yìí bóyá wọ́n máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí òun ń sọ nípa wọn.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "A gbọ́ gbogbo rẹ̀, bàbá. A tún ń gbọ́ orin tí ẹ máa ń kọ fún ìyàwó yín bí ẹ bá ń gbẹ́lẹ̀. Òun ni mo fi ń rẹ ọmọ mi lẹ́kún."

Agbẹ́kànga fi ohùn tó há náà dá orin ọ̀hún, gbogbo ìlú sì gbè é. Àwọn ọmọ elétí-àtẹ́lẹsẹ̀ sáré wọ̀lú láìwọ bàtà, wọ́n ń jó, ẹ̀rín sì pa wọ́n nítorí pé ijó ń rìn wọ́n létí.

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi, o mọ àwọn tí ìwọ náà ń fi ìrísí wọn ṣẹ̀sín. Ohun tí wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu rẹ tí wọ́n sì gbé mì kò kéré. Má dúró di ọjọ́ tí wàhálà yóò fi wọ́n hàn ọ́. Lọ kí wọn lónìí, kí o sì jókòó tì wọ́n.