Ìbéèrè Tí Atukọ̀ Kò Béèrè Mọ́

Ọkùnrin kan wà ní etí ọ̀sà, nítòsí ibi tí ọ̀sà ti ń wọ inú òkun. Ó di ọparun pọ̀, ó tẹ́ pákó lé e lórí, òun ló fi ń gbé àwọn tó wá gbafẹ́ kiri, kí wọ́n lè wo ẹyẹ àti àwọn ilé orí omi. Ọ̀pá gígùn ló fi ń tì í.

Yanrìn abẹ́ ọ̀sà yẹn kì í gbé ojú kan. Ibi tó jìn lónìí lè di òkìtì lọ́la. Nítorí náà, atukọ̀ kì í kọjá lára ẹni tó ń dẹ ìgèrè fún ẹja kó má bi í pé, "Báwo ni ìsàlẹ̀ ṣe rí?" Ẹsẹ̀ onígèrè ló ń tẹ yanrìn náà lójoojúmọ́. Ọkùnrin yìí máa ń bi Ìyá Onígèrè, obìnrin kan tó dàgbà jù ú lọ.

Ó wá di ọjọ́ kan, bó ṣe bi í tán, èrò kan rẹ́rìn-ín lórí ọkọ̀ rẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ò mọ ọ̀nà ni?" Àwọn yòókù bá a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin yìí dé eegun. Láti ìgbà náà, bó bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Onígèrè, á kí i, á sì kọjá. Ó pẹ́ tí nǹkan kan kò ṣe é, ó sì rò pé ìmọ̀ òun ni.

Lọ́jọ́ kan, arúgbó obìnrin kan bá àwọn èrò wọkọ̀. Kì í ṣe ẹyẹ ló wá wò. Erékùsù kékeré kan wà lókèèrè, abẹ́ igi àgbọn ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Láti kékeré ni wọ́n ti mú un kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ló ń padà sí ìlú tó jìn, kò sì rò pé òun tún lè wá mọ́. Ọkùnrin náà ní kó fọkàn balẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ di òun lójú, òun á débẹ̀.

Wọ́n dé ọ̀dọ̀ Ìyá Onígèrè. Ó nàró nínú omi, ó ń wo ẹnu ọkùnrin náà bóyá yóò béèrè. Ọkùnrin náà kí i kú iṣẹ́, ó sì ń lọ.

Kò pẹ́ tí ọparun fi gun yanrìn. Omi sì ń fà lọ sínú òkun, kí wọ́n tó ti ọkọ̀ kúrò, ó ti jókòó pa bí adìyẹ tó ń sàba. Èrò kan kùn pé kì í ṣe yanrìn ni àwọn wá wò. Igi àgbọn ni arúgbó náà ń wò.

Nígbà tí Ìyá Onígèrè tukọ̀ kékeré rẹ̀ dé, ọkùnrin náà bínú sí i. "Ẹ rí mi tí mò ń bọ̀ níbí, ẹ ò sì sọ̀rọ̀."

"Mo sọ fún ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé yanrìn ti ṣípò," ni ìyá wí, "o ní o mọ̀ ọ́n. Lónìí, mo rò pé o ti bi ẹlòmíràn ni."

Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ó ní ojú àwọn èrò ló ń ti òun.

"Ojú wa?" ni arúgbó náà wí. "Àwa tá a fẹ́ débẹ̀?"

Ẹnì kan péré ni ọkọ̀ Ìyá Onígèrè lè gbà. Ó gbé arúgbó náà lọ. Ọkùnrin náà dúró lórí yanrìn títí omi fi padà, ó ń wo bí ẹlòmíràn ṣe ń gbé èrò rẹ̀ débi tí òun ṣèlérí.

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí, èrò ti wà nínú ọkọ̀ rẹ báyìí. Àwọn kan wà tí o máa ń bi léèrè kí o tó dé ipò yìí. O ti ń kí wọn kọjá. Wọ́n ṣì wà nínú omi, wọ́n ń wo ẹnu rẹ. Lọ́la, dúró lọ́dọ̀ wọn kí o béèrè, sì jẹ́ kí àwọn tí o ń gbé gbọ́ ọ.