Iye Owó Ògiri Ẹfúnyẹlá

Olóyèdé ará Òkè-Ìrànà kì í ṣe ahun. Ẹ má gba ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Àgbẹ̀ tó rí jẹ tó rí mu ni, ó sì máa ń fún aládùúgbò níṣu láìjẹ́ pé wọ́n tọrọ. Ohun kan ṣoṣo tó ń bá a fínra ni pé kò lè san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè fún un. Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan sì kọ́, bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wọn nílùú náà nìyẹn. Ní Òkè-Ìrànà, bí o bá pe ọgọ́rùn-ún, àádọ́ta ni wọ́n á fi dá ọ lóhùn. Ẹni tó bá san ọgọ́rùn-ún láìjanpata, òmùgọ̀ ni wọn yóò máa pè é títí ọdún yóò fi yí po.

Ìyá rẹ̀, Ẹfúnyẹlá, ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ẹsẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Yàrá tó ti bí ọmọ mẹ́fà ló ń sùn, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gbé òun kúrò níbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni òun yóò kú sí. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, nígbà tí òjò ti dá tó oṣù méjì, ògiri yàrá náà tó kọjú sí ìlà-oòrùn là. Ibi tó là náà gùn tó apá àgbàlagbà, ó sì fẹ̀ débi pé alángbá ń gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tó ń lọ sílé bàbá rẹ̀. Olóyèdé mọ̀ pé bí òun kò bá tún un ṣe kí ọyẹ́ tó dé, àfi kí òtútù pa ìyá òun, tàbí kí òun fi tipátipá gbé e kúrò ní yàrá rẹ̀.

Ló bá ránṣẹ́ pe Ògúnṣínà, àgbà mọlémọlé tó kọ́ ìdajì ilé ìlú náà. Bàbá yìí wo ògiri, ó fi ìka rún díẹ̀ lára rẹ̀, ó gbé e símú, ó gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Ó ní ẹgbàá owó ẹyọ ni.

Olóyèdé rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ẹgbàá fún ihò tí kò ju apá lọ? Ṣebí ẹgbàá yìí kan náà ni Ògúnṣínà gbà lọ́wọ́ Ṣàngódèyí aládùúgbò rẹ̀ lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, tó fi kọ́ odindi ilé ewúrẹ́ fún un. Ó bi bàbá náà bí ihò àti ilé ṣe wá di iye kan náà. Ìdáhùn tó rí gbà ni pé ìgbà òjò ni wọ́n kọ́ ti Ṣàngódèyí. Ìyẹn túbọ̀ wá da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ọn lójú. Kí ló pa òjò pọ̀ mọ́ ewúrẹ́? Ó ń rò ó bóyá ọjọ́ orí ti ń ṣe bàbá náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ẹni ń náṣu. Ó ní igba. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé Ògúnṣínà kò bínú, kò sì rojú. Orí ló kàn mì.

"Ó ṣeé ṣe," ni bàbá náà wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá gé owó, èmi náà á gé omi."

Olóyèdé fi kún un, ó ní ẹgbẹ̀ta. Ògúnṣínà ní omi náà ti pọ̀ díẹ̀ sí i, àmọ́ kò tíì tó.

"Bàbá, ògiri ni mo ní kí ẹ wá bá mi tún ṣe. Ẹ̀yin sì ń sọ ti omi."

Ògúnṣínà mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní òun wà nílé.

Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Olóyèdé kò fi mọ èyí tí ì bá ṣe. Ìyàwó rẹ̀, Ọ̀ṣúnbùnmi, ní kó lọ sanwó kí wọ́n sinmi. Ṣàngódèyí ní olè ni bàbá náà, pé nítorí ó rí i pé ọ̀rọ̀ ìyá ni ló ṣe fowó lé e. Alágbẹ̀dẹ tó lọ bá ní ẹgbàá gan-an kéré. Bí ó ṣe ń bi wọ́n tó, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ tó. Èmi tí mò ń kọ ọ́ yìí pàápàá, bí wọ́n bá ní kí n wá dá ẹjọ́ ẹgbàá náà lọ́jọ́ yẹn, mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kẹrin ni ọkùnrin kan yà wọlé. Ajíṣefínní lorúkọ rẹ̀, ó ní mọlémọlé lòun, òun sì ti gbọ́ ti ògiri náà, ṣùgbọ́n aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́ ju ti ẹni tó ń fi amọ̀ ṣiṣẹ́ lọ. Kí Olóyèdé tó lanu, ó ti ní igba lòun máa gbà. Bí ó ti mọ́ Olóyèdé lára, ó ní ọgọ́jọ. Ajíṣefínní gbà lójú ẹsẹ̀. Ó yẹ kí àyà Olóyèdé já níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn.

Iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ agbọ̀n kan àti omi akèrègbè kan ni ọkùnrin náà gbé wá síbi iṣẹ́. Ó pò ó, ó tẹ̀ ẹ́ fúngbà díẹ̀, kò tó ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ iṣu sísun tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi dí ògiri. Nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, omi tán. Ọ̀ṣúnbùnmi ní èyí tó kù nínú ìkòkò, omi mímu Ìyá ni. Ajíṣefínní rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó fi ra ògiri. Ó tún tutọ́, ó tún rà á. Nígbà tó ṣe tán, ojú ògiri náà ń dán gbinrin.

Ẹfúnyẹlá gbọ́ ìró náà láti orí ẹní rẹ̀, ó bi ọmọ rẹ̀ pé kí ló ń dún lẹ́yìn ilé. Olóyèdé ní oníṣẹ́ ló ń dán ògiri.

"Nígbà tí bàbá rẹ kọ́ yàrá yìí," ni Ìyá wí, "èmi ni mo pọnmi rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá."

Olóyèdé gbọ́, ṣùgbọ́n kò fọkàn sí i. Owó tí kò ná ló ń rò. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi rìn kiri ìlú, tó ń sọ fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í pé ọgọ́jọ lòun fi ṣe iṣẹ́ ẹgbàá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó lọ kí ìyá rẹ̀, ó sì bá yàrá ní gbangba. Ohun tí wọ́n fi dí ihò ti ṣubú síta, ó sì fa ìdajì ògiri àtijọ́ tẹ̀lé ara rẹ̀. Ẹfúnyẹlá dùbúlẹ̀ níbẹ̀, aṣọ ìbora rẹ̀ tutù, eyín díẹ̀ tó kù lẹ́nu rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Olóyèdé, ṣé òjò rọ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá. Òjò kò rọ̀."

"Ìjì jà?"

"Ìjì kò jà, Ìyá."

"Kí ló wá wó o?"

Olóyèdé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan amọ̀ tó wà nílẹ̀. Ó rin díẹ̀ báyìí, bí koríko ṣe ń rin láàárọ̀. Ojú tì í láti sọ ọ́.

"Ìrì ni, Ìyá."

Arúgbó náà wo ihò yẹn títí, ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ikọ́ fi mú un. Olóyèdé kò mọ̀ bóyá kí òun bá a rẹ́rìn-ín ni tàbí kí òun sunkún. Wọ́n gbé ìyá lọ sí yàrá Ọ̀ṣúnbùnmi. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ pé kí oṣù yẹn tó parí kó dá òun padà síbùsùn òun, pé bí òun bá kú sí yàrá tí kì í ṣe tòun, kó má ṣe sunkún òun.

Olóyèdé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ògúnṣínà. Bàbá náà ní ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ihò, ẹgbàajì ni báyìí. Ẹnu Olóyèdé ti là láti ná an, ó tún pa á dé.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo gan-an ni owó yìí wà? Ẹ fi hàn mí kí n mọ̀."

Ògúnṣínà gbé ìkòkò kan lé e lọ́wọ́, ó ní kó tẹ̀ lé òun. Odò kan ṣoṣo ni kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì wà lẹ́yìn òkè méjì. Nígbà tí Olóyèdé fi máa gbé omi dé, ọrùn rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ wọ èjìká. Ó dà á sórí iyẹ̀pẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ sì fà á mu bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bèèrè èyí tó kù. Ògúnṣínà ní ó ku ìkòkò mọ́kàndínlógójì.

Olóyèdé àti àwọn obìnrin apọnmi mẹ́fà ló jọ pọn ọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ewúrẹ́ ti wá yé e: nígbà òjò, ẹnu ọ̀nà Ṣàngódèyí ni omi wà, lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n rẹ amọ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tún padà wá tẹ̀ ẹ́ títí ó fi ń fà. Olóyèdé yọ owó apọnmi àti owó atẹmọ̀ kúrò nínú ẹgbàajì, ó rí i pé ó ṣì ku díẹ̀ tí òun kò rí ìdí rẹ̀. Ó bi bàbá náà.

"Ìyẹn ni ti òórùn tí mo gbọ́," ni Ògúnṣínà wí.

Olóyèdé kò mọ̀ títí dòní bóyá iye yẹn tọ́ fún òórùn. Èmi náà kò lè búra. Ṣùgbọ́n ó san án, kò sì ná an.

Oṣù ku ọjọ́ méjì kó parí nígbà tí wọ́n gbé Ẹfúnyẹlá padà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tuntun náà, ó fi í síbẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Ọdún mẹ́rin ló tún lò ní yàrá rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Nígbàkígbà tí ẹnìkan ní Òkè-Ìrànà bá sì ń yọ̀ pé òun rí oníṣẹ́ ọ̀pọ̀, Olóyèdé á sọ ohun tí ojú òun rí fún un. Láti ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbà á, tí wọ́n fi ń pa á lówe pé ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.