Ẹ̀gà Onígòjé àti Òkú Ìyá Àkànjí

Ní ayé ogun, nígbà tí ìlú ń sùn ní ìlú tí ó ń jí ní ahoro, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Láṣebìkan, ọmọ bíbí Òkè-Àfọ̀n. Òun nìkan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta ìyá rẹ̀ lọ́rẹ. Àwẹ̀ró ni ìyá náà ń jẹ́, opó tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́nubodè. Baba ọmọ ti kú kí ọmọ tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, nítorí náà Àwẹ̀ró ṣe ìyá, ó tún ṣe baba. Ebi pa á kí ọmọ lè yó. Òtútù mú un kí ọmọ lè rí aṣọ bora. Irú ìyá bẹ́ẹ̀, Ẹlẹ́dàá nìkan ló lè san oore rẹ̀ fún un.

Ọkùnrin Haúsá kan tí ń da ẹṣin kọjá ní Òkè-Àfọ̀n ló kọ́ Láṣebìkan ní gòjé. Gòjé kì í ṣe nǹkan bàbàrà lójú. Igbá kékeré ni, tí a fi awọ alégbà bò lójú, tí a ki ọ̀pá bọ̀ bí ọrùn, tí a ta okùn kan ṣoṣo sí lára, irun ìrù ẹṣin. Ọrun kékeré ni a fi ń fà á. Ṣùgbọ́n bí Láṣebìkan bá gbé e lé àyà tí ó fà á, a máa ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Àwọn tí ń kọjá lọ sóko a sọ ẹrù kalẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pè é, tí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í sú u.

Ní ọjọ́ kan, ológun kan ní kí ó wá dá àwọn ọmọ ogun òun lárayá ní ibùdó. Ìyá rẹ̀ bá a níbi tí ó ti ń di ẹrù.

"Láṣebìkan, o tún ń lọ?"

"Òde yìí nìkan ni, ìyá mi. Bí mo bá ti dé, ó di ìgbà tí iṣu tuntun bá jáde kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò nílé."

"Òde yìí nìkan ni o wí lóṣù tó kọjá. Ìwọ ọmọ yìí, bí mo bá kú, ta ni yóò sin mí? Ṣé gòjé yìí ni yóò gbẹ́ ilẹ̀?"

"Háà! Ta ni yóò sin yín bí kò ṣe èmi? Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni n ó fi gbé yín sin. Ẹ̀yin ẹ ṣáà pẹ́ láyé ná."

"Àmín o. Lọ, kí o bọ̀. Má jẹ́ kí òkùnkùn ká ọ mọ́ ọ̀nà."

Ó lọ. Ó ta gòjé ní ibùdó, àwọn ọmọ ogun sì jó títí eruku fi bo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ṣì ń jó lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan sáré dé pẹ̀lú ìròyìn pé ogun mìíràn ti já Òkè-Àfọ̀n láàárọ̀ ọjọ́ náà. Láṣebìkan kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó sáré wálé, eérú ló bá. Ẹni tí wọn kò pa, wọ́n ti mú un lẹ́rú; ẹni tí wọn kò mú lẹ́rú ti sọdá odò Awẹ́, ó ti fọ́n ká sínú ìlú onílùú. Ibi tí ilé ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí. Ó gbé ojú sókè, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Ọlọ́run pé òun kò ní sinmi títí òun yóò fi rí ìyá òun, àti pé ọwọ́ òun ni yóò sin ín lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ bá dé.

Ẹ̀jẹ́ rọrùn láti jẹ́ lórí eérú. Ìgbà tí eérú bá tutù tán ni ó máa ń wúwo.

Láṣebìkan mú gòjé rẹ̀, ó ní òun yóò máa fi í wá oúnjẹ bí òun ti ń wá ìyá òun kiri. Ìlú tó kọ́kọ́ dé, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ìlú kejì dá a dúró ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bádéjọ, tí ń lu sákárà, dara pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn elégbè náà dé. Nítorí pé ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, wọ́n sọ ọ́ ní Ẹ̀gà, bí ẹyẹ tí ń pariwo lórí ọ̀pẹ. Orúkọ yìí ràn bí iná ọyẹ́, ó jó orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ run. Ẹ̀bùn Ọlọ́run dára, ẹ̀yin ará, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun ẹ̀bùn bí ẹni gun ẹṣin, tí kò fa ìjánu, ibi tí ó ń lọ kọ́ ni yóò sọ̀ sí. Lọ́dọọdún ni Ẹ̀gà ń wí pé òun yóò sọdá odò Awẹ́. Lọ́dọọdún ni ọba kan ń jẹ oyè, tí olówó kan ń kọ́lé, tí arúgbó kan ń kú nílé ọlọ́mọ, tí wọ́n sì ń ránṣẹ́ sí i.

"Ẹ̀gà, a kò tíì sọdá odò o," Bádéjọ a wí.

"A ó sọdá. Òde yìí nìkan ni."

Ìgbà kan, olóbì kan tí ń ná ọjà òkè odò wá kí i. Ó ní, "Ẹ̀gà, mo gbọ́ pé ará Òkè-Àfọ̀n ni yín. Àwọn obìnrin ìlú yín ń bẹ káàkiri lọ́dọ̀ wa lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n arúgbó ni wọ́n o. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́." Ẹ̀gà dúpẹ́, ó tilẹ̀ sunkún díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó gba òde ìsọmọlórúkọ.

Irun orí rẹ̀ ti ń funfun nígbà tí oníṣẹ́ kan dé láti Ìdí-Ọsẹ̀, ìlú kan ní òkè odò Awẹ́. Ó ní Ìyá Àkànjí kú. Ó ní òkú àgbà ni, kì í ṣe ọ̀fọ̀, Àkànjí sì ní Ẹ̀gà ni kí wọ́n bá òun pè.

Inú Ẹ̀gà dùn. "Bádéjọ, o rí iṣẹ́ Olúwa? Òde fúnra rẹ̀ ló gbé wa sọdá odò! Bí a bá ti ṣe òkú olókùú yìí tán, ojúlé dé ojúlé ni n ó máa béèrè ìyá mi."

"Kí ni kò jẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè kí a tó ṣeré?"

"Kí n máa fi ojú ẹlẹ́kún wọ òde olóde? Ó di ọ̀la."

Nígbà tí wọ́n fi dé Ìdí-Ọsẹ̀ ní ìyálẹ̀ta, wọ́n ti sin òkú sínú ìyàrá rẹ̀, èrò sì ti kún ojúde Àkànjí. Àṣà àwọn onígòjé ni pé níbi òkú, olórí wọn á kọ́kọ́ wọlé lọ bá ẹbí, á béèrè orúkọ olóògbé, ìlú rẹ̀ àti oríkì orílẹ̀ rẹ̀, kí ó má baà ki ẹni ẹlẹ́ni. Bádéjọ rán an létí.

Ẹ̀gà wo èrò tí ń pàtẹ́wọ́ dè é. "Kí ni n ó lọ béèrè? Ìyá Àkànjí ni wọ́n pè é. Ṣé ìyá tèmi ni yóò jẹ́ ìyá Àkànjí ni?"

"Obìnrin ń jẹ́ ìyá ẹni tí kò bí, Ẹ̀gà."

"Àròyé rẹ ti ń pọ̀ bíi ti ìyálé. Jẹ́ kí n gbọ́ ìlù!"

Ó gbé gòjé lé àyà. Àkànjí bọ́ síta, ọkùnrin onírẹ̀lẹ̀ kan, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún, síbẹ̀ ó ń rọra jó. Ẹ̀gà kí i, ó yìn ín, ó ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sórí orin èébú kan tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n níbi òkú gbogbo, èyí tí ó fi ń bú ọmọ tó jẹ́ kí ará ìta sin ìyá rẹ̀:

Ọmọ tó mọ̀nà òde tí ò mọ̀nà ilé,
Àjèjì ló gbẹ́lẹ̀, àjèjì ló sin yèyé rẹ̀.
Ẹ bá n wá olórí burúkú náà, ibo ló wà?

Àwọn elégbè gbà á: "Ibo ló wà? Ibo ló wà?" Kò pẹ́ tí gbogbo ojúde fi bá wọn gbà á. Àwọn obìnrin ń fi ọwọ́ júwe ọmọ burúkú náà bí ẹni pé ó dúró síwájú wọn, wọ́n ń ṣe ṣùtì sí i.

Nígbà tó ṣe, Àkànjí gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀gà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti kì mí tó. Ẹ bá mi ki ìyá mi wàyí."

"Ẹ sọ oríkì wọn, Àkànjí. Etí mi ń gbọ́."

"Èmi ò mọ̀ ọ́n o. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí ìyá tó bí mi kú. Ìyá yìí ló sá ogun wọ ìlú wa, ló gbé mi pọ̀n nígbà tí òun náà kò tilẹ̀ ní aṣọ. Ẹ fa Ìyá Ìbídùn wá síwájú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ sá wá."

Wọ́n fa Ìyá Ìbídùn wá, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ Ẹ̀gà. Ohun tí ó bá wí ni Ẹ̀gà yóò fi sórin.

"Ẹ wí pé, Àwẹ̀ró."

"Àwẹ̀ró o!" Ẹ̀gà kọ ọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé Àwẹ̀ró pọ̀ láyé.

"Ọmọ Òkè-Àfọ̀n, ọmọ ilé tí a kì í tilẹ̀kùn mọ́ àlejò."

Ó kọ ìyẹn náà. Bádéjọ gbójú sókè wò ó.

"Opó tó ta ẹ̀kọ lẹ́nubodè, tó fi èrè rẹ̀ tọ́ ọmọ."

Kò kọ ọ́ mọ́. Ó kàn ń wí i bí ẹni ń gbàdúrà.

"Ìyá Láṣebìkan. Láṣebìkan onígòjé tó lọ sóde, tí kò bọ̀."

Ọrun bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gà. Sákárà dákẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé tó wà lẹ́yìn èrò kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n rò pé àyè ègbè ló tún kàn, wọ́n sì gbà á pẹ̀lú àtẹ́wọ́: "Ibo ló wà? Ibo ló wà?"

"Kí ló dé tí ẹ dákẹ́?" ni Ìyá Ìbídùn wí. "Ẹ kọ ọ́. Òun ló ní gòjé ni kí wọ́n ta fún òun. Ó ní bóyá ọmọ òun yóò gbọ́ ọ lókèèrè, tí yóò yà wò ó."

Láṣebìkan ya ẹnu láti sunkún. Ó wá ẹkún nínú ikùn, kò rí i. Ó wá omi lójú, gbígbẹ ló bá a. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ni. Ó rín in, ó di ìhà mú, ó ṣubú lulẹ̀, ó ń rín in. Ara gbogbo èèyàn bù máṣọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan yọ kùmọ̀. "Ó ń fi òkú wa ṣẹ̀sín!" Àkànjí fúnra rẹ̀ fa aṣọ rẹ̀ mú. "Ẹ̀gà, kí ni ìyá mi ṣe tí ẹ fi ń rín wọn?"

"Àkànjí, àbúrò mi," ó wí láàárín ẹ̀rín, "o ṣeun. O bá mi sin ìyá mi. Èmi náà sì bá yín wá ọmọ burúkú yẹn. Mo ti rí i."

Bádéjọ ló bú sẹ́kún. "Ẹ má lù ú! Láṣebìkan lorúkọ rẹ̀!"

Baálẹ̀ Ìdí-Ọsẹ̀, tó jókòó lábẹ́ igi láti àárọ̀, dìde, ó gba kùmọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. "Ẹ fi í sílẹ̀. Ṣé ẹ rò pé ẹ̀rín lẹ ń gbọ́ yẹn? Ẹkún kò lè gbé ẹrù ọkùnrin yìí." Wọ́n yà fún un. Ó wọ́ lọ sínú ìyàrá tí ilẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù, ó dojú bolẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ẹ̀rín náà láti ojúde, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń lọ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè bá a rín in. Ọlọ́run tí ń wo inú ọkàn nìkan ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Láti ojúde Àkànjí lọ́jọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti di òwe lẹ́nu àwọn àgbà, tí wọ́n fi ń wí títí dòní pé: ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín.