Ṣòkòtò Tí Àjàgbé Wọ̀ Lọ Sáàfin

Ní ìlú Òkè-Ọsàn, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àjàgbé. Aránṣọ ni, ṣòkòtò nìkan ló sì ń rán. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ló ń hun kíjìpá tó fi ń rán an, aṣọ líle tí ẹ̀gún kì í ya. Àjàgbé máa ń jẹ́ kí abẹ́ ṣòkòtò rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, kí ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè gun ọ̀pẹ, kó lè lóṣòó ti ebè, kó sì lè dọ̀bálẹ̀ fún àgbà láìsí ìnira. Àwọn àgbẹ̀ àti àwọn adẹ́mu ló ń rà á. Àwọn ló ń bọ́ ìlú, ṣùgbọ́n ìlú kì í ka ohun tó wà nídìí tálákà sí aṣọ.

Agboolé Lágbọ́njú ni ìlú kà sí. Wọ́n ń fi sányán rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fún àwọn ìjòyè, láti ayé baba ńlá wọn sì ni iṣẹ́ ààfin ti wà lọ́wọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n bí wọ́n ṣe gbà á.

Nígbà tí ọba tuntun jẹ, ó kéde pé gbogbo aránṣọ ìlú ló lè wá du iṣẹ́ ṣòkòtò àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè, kí kálukú wọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wá. Inú Àjàgbé dùn. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò ṣí fún irú wọn rí. Àfi bí Lágbọ́njú, olórí agboolé aránṣọ ààfin, ṣe pàdé rẹ̀ lọ́jà, tó wò ó láti ìbàdí dé ẹsẹ̀.

"Àjàgbé, ṣé eléyìí lo máa wọ̀ lọ bá ọba? O ò kúkú gbé agbè ẹmu kọ́ èjìká kó lè pé."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bá Àjàgbé délé.

Bó ṣe lọ yá ṣòkòtò sányán nìyẹn. Èyí tó kọ́kọ́ yá lọ́wọ́ àna rẹ̀ ṣo, ó ń já bọ́ bó ti ń rìn. Ó dá a padà, ó yá ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ìyẹn mú un nítan pinpin.

"Baálé mi," Àṣàbí ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ tiwa."

"Ta ló ń wo tiwa?"

"Àwọn tó ń rà á."

"Ọba ò gun ọ̀pẹ, Àṣàbí."

Àṣàbí padà sídìí aṣọ tó ń hun.

Nígbà tí wọ́n pe Àjàgbé síwájú ọba, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ṣòkòtò kò gbà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìjòyè ti ń fajú ro, nítorí ẹni tí kò bá dọ̀bálẹ̀ fún ọba ti bú ọba. Àjàgbé dijú, ó da ara rẹ̀ sílẹ̀. Abẹ́ ṣòkòtò ya fàà.

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Ọba kò rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ lo rán ṣòkòtò yìí?"

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kò mọ iṣẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó tan ọba. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Kábíyèsí, mo yá a ni."

Ẹ̀ṣọ́ kan tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ́ síwájú. "Kí adé pẹ́ lórí. Òun ló rán eléyìí tó wà nídìí mi. Òjò ti pa á, oòrùn ti pa á, kò tíì tú."

Ọba ní kí ẹ̀ṣọ́ náà dọ̀bálẹ̀, kó dìde. Ó ṣe é wẹ́rẹ́. Ọba yíjú sí Àjàgbé.

"Kí ló dé tí o fi tìrẹ sílé?"

"Ojú ló ń tì mí, Kábíyèsí."

"Mo ṣí ilẹ̀kùn fún ọ, o fi ẹsẹ̀ ẹlòmíì wọlé. Ohun tó ń ti ẹni tó ṣe é lójú, báwo ni n ó ṣe wọ̀ ọ́ fún àwọn ènìyàn mi?"

Agboolé Lágbọ́njú ló tún gba iṣẹ́ náà lọ.

Nílé, Àjàgbé fi òwú ara rẹ̀ rán ibi tó ya, ó dá ṣòkòtò padà fún olóhun. Àṣàbí kò bú u. Ó na ṣòkòtò kíjìpá sí i. Àjàgbé wọ̀ ọ́, ó lóṣòó, ó dìde. Kò fún, kò ṣo. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ jókòó sí ìsọ̀, bí ẹnì kan bá sì fi í ṣẹ̀sín, ohun tójú rẹ̀ rí láàfin ló máa ń sọ fún un.

Lẹ́nu rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi ń sọ títí dòní pé: ṣòkòtò àgbàwọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni, rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu.